Láti SVG sí PNG: Wọn Aṣọ Kí O Tó Gé E

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Python. Mo tún un kọ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ káàárọ̀ o. Kí n tó jókòó rárá ni ọmọkùnrin kan ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Lógò ìjọ wọn ló fẹ́ tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà, fáìlì SVG ni wọ́n fún un, Pillow, irinṣẹ́ Python tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán, sì kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí i. Ẹ má bá Pillow wí. Àwòrán tí wọ́n ti fi píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ojú àwọ̀ kéékèèké, tò sílẹ̀ bíi PNG ló mọ̀ ọ́n kà, SVG kì í sì í ṣe irú ẹ̀. Ẹ fi Notepad ṣí SVG wò, ọ̀rọ̀ lẹ máa bá níbẹ̀:

<circle cx="50" cy="50" r="40"/>

Ohun tó ń sọ ni pé: ka 50 lọ sọ́tùn-ún, ka 50 wá sísàlẹ̀, tẹ ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí o ya òbìrìkítí tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ 40. Ìwé ìwọ̀n tí télọ̀ kọ sílẹ̀ ni. A ò tíì gé aṣọ kankan. Bó ṣe rí nìyẹn láti 2001 tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, ti fọwọ́ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Láíbìrì, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa, ló máa gé aṣọ. CairoSVG ni mo sábà máa ń lò nínú Python, ìlà kan sì ti tó:

cairosvg.svg2png(url="logo.svg", write_to="logo.png")

PNG jáde, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ní sùúrù. viewBox lógò yẹn, ìyẹn ìwọ̀n pátákó tí wọ́n yà á sí, ò ju 100 níbùú, 100 lóròó, wọn ò sì kọ ìwọ̀n mìíràn sí i, nítorí náà píksẹ́lì 100 péré ni PNG náà ní níbùú. Bó bá fi Pillow fà á gùn lẹ́yìn èyí, bàìbàì ló máa dà, torí aṣọ ọmọdé ló fẹ́ fà dé ọrùn àgbà. Ẹ bá láíbìrì sọ ìwọ̀n kó tó gé e. Bí lógò bá máa gba íǹṣì 8 lórí ìwé, tí ẹ fẹ́ píksẹ́lì 300 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan, output_width=2400 ni kí ẹ fi kún un. Gbogbo ìlà ni yóò tún ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ á sì mú.

Ẹ má sì tìtorí ìyẹn sọ gbogbo nǹkan di ràgàjì. Ojú ìwé A4, bí a bá lo 300 fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ píksẹ́lì 2480 sí 3508. Báìtì mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, àti bó ṣe hàn gedegbe sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 35 báìtì nínú mẹ́mọ́rì kí PNG tó fún un pọ̀. Bí ogún èèyàn bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà kékeré (kọ̀ǹpútà tó ń dá wọn lóhùn lórí ayélujára) á dákú.

Èyí tó kan àwa Yorùbá ló kù. Mo ṣe ìwé ẹ̀rí kan nígbà kan, mo kọ "ÌWÉ Ẹ̀RÍ" gàdàgbà sókè rẹ̀. Ì, É àti Í jáde dáadáa. Ẹ̀ nìkan ni àmì orí rẹ̀ yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi fìlà tí atẹ́gùn gbé. Mo kọ́kọ́ rò pé fọ́ǹtì ni. Àṣé Ì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìwé orúkọ gbogbo lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Ẹ̀ kò ní: Ẹ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. CairoSVG sì ń ya wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò mọ̀ pé ọ̀kan ló yẹ kó gun èkejì lórí.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀. Ẹ lè fi librsvg tàbí resvg, àwọn láíbìrì mìíràn tó ń ya SVG, ṣe é, torí àwọn yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì sórí lẹ́tà. Tàbí kí ẹ lọ sí Path nínú Inkscape, ètò tí a fi ń ya SVG, kí ẹ tẹ Object to Path, kí lẹ́tà di ìlà. Ìgbà yẹn, kò pọn dandan kí fọ́ǹtì náà wà lórí sáfà. Ẹ ṣáà fi ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ pa mọ́. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí wọ́n wá ní kí n yí ọdún orí ìwé ẹ̀rí náà padà, láti orí dé ìsàlẹ̀ ni mo tún un yà.