Ta Lo Bù Fún?

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Èmi nìkan ni mo wà níbí lálẹ́ òní, nínú kíṣìnì mi ní Peckham, ní London. Ewé eéran ni mò ń fọ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ bá mi gba ariwo omi mọ́ra. Ọ̀la ni Kérésì.

Ní ilé wa ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí a ó jẹ láàárọ̀ Kérésì. Ìrẹsì àti adìyẹ, ọ̀sán nìyẹn. Àárọ̀, mọ́ínmọ́ín ni, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ẹ bá mọ ọyẹ́ Oṣù Kejìlá, tí ètè ń là, tí eruku pupa ń sọ lójú títì, ẹ ó mọ ohun tí ife ẹ̀kọ gbígbóná ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tútù wẹ̀, tó sì ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké.

Ṣùgbọ́n alẹ́ àìsùn ni iṣẹ́ wà. Kóńgò mẹ́ta ẹ̀wà olóyin ni ìyá mi máa ń rà ní Kútọ̀. Àwa ọmọ á jókòó yí agbada omi ká, à ń fi ọwọ́ ra ẹ̀wà títí èèpo á fi léfòó, a ó da èèpo nù, a ó tún bu omi sí i. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Èrò á ti tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ìyá mi kì í gbà kí wọ́n da ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́rọ láìjẹ́ pé ó fojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n ti fọ ẹ̀rọ náà, kí òórùn ẹ̀gúsí ẹlòmíràn má baà bá a lọ. Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà ló ń lọ̀ mọ́ ọn. Omi kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀.

Ewé pípọ́n ni mo fẹ́ràn jù. Màmá Àgbà ló ń ṣe é, orí àpótí ló máa ń jókòó sí. Á fi ewé méjì lé ara wọn, á ká a, á ṣẹ́ ìdí rẹ̀, á bu ẹ̀wà sí i, á ki ẹyin, ẹja, edé àti àwọn ẹ̀mí yòókù bọ̀ ọ́, á wá ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ padé. Kò ní òwú, kò ní okùn, kì í sì í jò. Igi ewé tí a gé kúrò, a kì í dà á nù, ìdí ìkòkò la máa ń tẹ́ ẹ sí, kí mọ́ínmọ́ín má baà rì sínú omi. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni Màmá Àgbà ń pè é. Ọdún 1843 ni òyìnbó oníwàásù Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, ọdún 13 péré lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ ibẹ̀ dó lábẹ́ Olúmọ. Nítorí náà, lójú tèmi, Kérésì bá ọ̀lẹ̀lẹ̀ nílé ni.

Bó bá jinná tán, ẹnu wa á máa ṣomi, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ti òde la kọ́kọ́ ń bù. Ìyá mi á to mẹ́wàá sínú abọ́ tánganran, á fi aṣọ funfun bò ó, ó di ilé Ìyá Àlájà lódì kejì. Mo máa ń kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n á ṣàdúrà fún mi títí orúnkún á fi máa ro mí. Abọ́ yẹn kì í padà lófìfo. Bí Iléyá bá dé, ó di tiwọn, ẹran àgbò díndín á dé ọ̀dọ̀ wa. Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára dé lọ́dọọdún, ìyẹn ló jẹ́ kí òun àti Kérésì pàdé nínú ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún 2006. Ọdún yẹn, abọ́ náà ò ráyè tutù. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó, inú agolo mílíìkì ni mo ti se é. Ó jẹ́ oúnjẹ, àmọ́ kì í ṣe ti ọdún. Ewé ló ń fún un ní òórùn yẹn. Mo padà rí ewé rà níbí, mo rí edé, mo rí ògì. Lọ́dún tó kọjá, mo se mọ́ínmọ́ín 24. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé. Mo pe ìyá mi láàárọ̀, inú mi ń dùn, mo fi ìkòkò hàn án lórí fóònù. Ó ní, "Àdùkẹ́, o káre. Ta lo bù fún?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò nínú ilé yìí, mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Inú fírísà ni èyí tó ṣẹ́kù wà títí di Oṣù Kejì. Mo jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣí i, ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n. Mo ṣàlàyé ẹ̀wà, mo ṣàlàyé ewé. Wọ́n ní kí n wọlé jókòó. Mo bi wọ́n bóyá oúnjẹ kan wà tí kò bá wọn lára mu, wọ́n ní edé. Nítorí náà, mẹ́rin máa wà nínú ìkòkò mi lọ́la tó jẹ́ ẹlẹ́mìí mẹ́fà. Kí n má baà ṣì wọ́n mú, mo ti gé òwú pupa sílẹ̀ tí n ó fi dì wọ́n. Ọmọbìnrin mi ló máa gbé e lọ. Ó ń bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá kí òun kúnlẹ̀. Mo ní kó kúnlẹ̀.