Ẹni Tí À Ń Retí

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé pélébé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Omikuji ni àwọn ará Jàpáànì ń pè é, ìwé tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà níwájú fún ẹni.

Ó ṣòro kí ẹ dé ojúbọ tàbí tẹ́ńpìlì tó lórúkọ níbẹ̀ kí ẹ má rí i. Ẹ ó san 100 yen tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ ó gbé àpótí kan tó ní ihò kékeré, ẹ ó mì í jìgìjìgì títí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò fi yọrí síta. Nọ́ńbà ara igi yẹn ni wọ́n fi ń fún yín ní ìwé. Lókè ìwé ni ẹ ó ti rí bó ṣe rí sí: ire ńlá, ire, ire kékeré, ire tó ṣì ń bọ̀, tàbí ibi. Ní tẹ́ńpìlì Sensō-ji ní Tokyo, nọ́ńbà 100 ló wà, nǹkan bí 30 nínú wọn ló sì jẹ́ ibi. Wọn kò dín in kù torí kí inú àlejò lè dùn. Ìyẹn wù mí. Ní ojúbọ Meiji Jingū ẹ̀wẹ̀, kò sí ire, kò sí ibi: ewì ọba Meiji àti ti ìyàwó rẹ̀, Shōken, ni ẹ ó bá nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìwé ni ọ̀rọ̀ mi wà. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń to ohun tó ń jẹ ọmọ ènìyàn lọ́kàn sí: àìsàn, nǹkan tó sọnù, ìrìn-àjò, ọjà, ẹ̀kọ́, ìgbéyàwó, ìbímọ. Gbólóhùn kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà láàárín wọn, machibito, ẹni tí à ń retí.

Ojúbọ kékeré kan ní Kyoto ni mo ti fa tèmi. "Ire" ló wà lókè, inú mi dùn. Ọ̀rẹ́ mi tó mú mi lọ ń kà á fún mi bọ̀ wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹni tí à ń retí, ó ní: "Kò ní wá, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ yóò dé." Ó ní ìdáhùn yẹn wọ́pọ̀. Kò yani lẹ́nu, torí ilé iṣẹ́ kan ní Yamaguchi, Joshidōsha, ló ń tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú omikuji. Ọdún 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀, owó omikuji ni wọ́n sì fi ń gbé ìwé ìròyìn àwọn obìnrin jáde nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi ń kà á lọ. Èmi ò gbọ́ èyí tó kù mọ́.

Torí èmi kò retí ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n ń retí.

Ìbàdàn ni Màmá mi wà. Ọdún ń gorí ọdún tí mo ti wà ní London, ìròyìn mi kì í sì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn: fọ́tò lórí WhatsApp, ohùn tí mo gbà sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, owó oúnjẹ ní ìparí oṣù. Gbogbo nǹkan mi ló ń dé, àfi èmi. Tẹ́lẹ̀, wọn a máa sọ fún mi pé àjò kì í dùn kónílé má relé. Wọn kì í sọ ọ́ mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n á béèrè bóyá òtútù ti mú, bóyá mo ti jẹun, wọ́n á gbàdúrà, ó parí.

Bí ìwé bá burú, àwọn ará Jàpáànì sábà máa ń so ó mọ́ okùn tàbí ẹ̀ka igi ní ojúbọ, kí wọ́n má baà gbé e relé. Ọ̀rẹ́ mi ní mo lè so tèmi náà. Mi ò so ó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí babaláwo bá ki odù tán, ẹbọ la ó béèrè. Kí wá ni ẹbọ "kò ní wá"? Kò ju owó ọkọ̀ òfurufú àti ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Mo ti gba ìsinmi náà, oṣù Kejìlá ni. Mi ò tíì sọ fún Màmá. Wọ́n ti gbọ́ "mò ń bọ̀" lẹ́nu mi tó. Ó di ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wà lọ́wọ́ mi.