Àgò Onílé: Nígbà Tí Sáfà Wẹ́ẹ̀bù Ò Bá Rí Dátábéèsì Bá Sọ̀rọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò ní kàwé fún yín lónìí, ìyà tó jẹ mí ni mo fẹ́ rò.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni mo bá ṣe ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kó dátábéèsì rẹ̀ (àpótí àkọsílẹ̀ ìsọ̀ náà) kúrò lórí sáfà wẹ́ẹ̀bù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà, mo gbé e sórí sáfà mìíràn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ìyá fi pè: “Ọkọ mi, ìsọ̀ wa ti ṣófo o!” Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni Can't connect to MySQL server on '10.0.0.8' (111): ìkànnì ò rí MySQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátábéèsì, bá sọ̀rọ̀ ní 10.0.0.8, àdírẹ́sì sáfà tuntun; 111 ni nọ́ńbà àṣìṣe náà. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ta ló sì bi mí ní pásíwọ́ọ̀dù?

Ẹ wò ó bí ẹni tó lọ kágò nílé onílé. Bí ẹ bá kágò títí tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn, timed out (àkókò ìdúró ti tán) nìyẹn, nọ́ńbà àṣìṣe 110 lórí Linux, sọ́fítíwíà tó ń darí sáfà. Ó sábà máa ń jẹ́ pé firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń wọlé wò, ló gbé ohùn yín mì lójú ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé àdírẹ́sì ilé ni ẹ ṣì. Ṣùgbọ́n 111 kì í fi nǹkan falẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló ń dáhùn pé ilé wà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Bóyá MySQL ti kú, bóyá yàrá ló jókòó sí.

Yàrá ni tèmi jókòó sí. Mo tẹ ss -ltn, àṣẹ tó ń fi àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń gbọ́ hàn, lórí sáfà dátábéèsì, mo rí 127.0.0.1:3306: 127.0.0.1 ni àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, 3306 sì ni pọ́ọ̀tù (ilẹ̀kùn) MySQL. Ohùn ara ilé nìkan ló ń gbọ́! Nínú ètò MySQL, bind-address (àdírẹ́sì tó ń tẹ́tí sí) ni a ń yí sí 10.0.0.8. Ti PostgreSQL, sọ́fítíwíà dátábéèsì mìíràn, ń jẹ́ listen_addresses, pọ́ọ̀tù rẹ̀ sì ni 5432. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìkánjú ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Sáfà wẹ́ẹ̀bù yín nìkan ni kí firewall gbà láyè.

Orí sáfà wẹ́ẹ̀bù gan-an ni kí ẹ ti dán an wò: nc -zv 10.0.0.8 3306, àṣẹ tó ń kan ilẹ̀kùn wò. Àwọn kan á lọ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ilé wọn, wọ́n á wá sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé kọ̀ǹpútà ilé yín ló ń ta àdìrẹ ni?

Too many connections ńkọ́? Ilé ti kún nìyẹn. Àlejò (ìsopọ̀) 151 ni MySQL ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, PostgreSQL ń gba 100. Kí ẹ tó fẹ ilé, ẹ wá àlejò tó wọlé tí kò jáde.

Mo tún MySQL tàn, mo kágò. Ó ní Access denied for user. Mo pariwo ayọ̀! Onílé ti fọhùn, òun ni kò mọ̀ mí. MySQL máa ń so orúkọ mọ́ ibi téèyàn ti wá. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta kúkú mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá dárúkọ tán, wọ́n á ní Aké ni àbí Gbágùrá, Òkè-Ọnà àbí Òwu? 'isoo'@'localhost' (isoo tó wà nínú ilé kan náà) kọ́ ni 'isoo'@'10.0.0.5' (isoo tó ti orí sáfà wẹ́ẹ̀bù wá). Mo dá èkejì sílẹ̀, mo fún un ní àṣẹ.

Ìyá, tó ti gbọ́ ariwo mi lórí fóònù, ti ń sọ fún oníbàárà pé kó máa sanwó bọ̀.