Àjọ Aláàánú Kan, Ọdún Mẹ́ta

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi. Kókó mẹ́fà ni mo kọ sílẹ̀ fún òní lórí bí okòwò kékeré ṣe lè ṣàánú, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ ló ká mi lára jù, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ dáadáa.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ rí èrè tó ṣeé fi ṣàánú, àjọ mọ́kànlá ni mo pín in fún. Ẹni tó bá ṣáà ti kọ lẹ́tà, mo fún un. Nígbà tí ọdún yí po, mo lọ wo ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ ṣí yàrá kan fún mi. Báàgì ìléèwé ló kún ibẹ̀ dé òkè, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fi wọ́n tọrẹ hàn gàdàgbà lára wọn. Ọkọ̀ tó ń gbé ìwé lọ bá àwọn ọmọ náà wà níta, táyà rẹ̀ kan ti bẹ́, koríko ti ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ọkọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, báwo ni báàgì ṣe fẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀? Olùtọrẹ ń wá ohun tó lè kọ orúkọ sí lára, ta ni ń kọ orúkọ sára táyà? Owó tèmi náà kò sì tó ra ẹyọ kan, nítorí mo ti gé e sí ọ̀nà mọ́kànlá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan yìí kiri: kí okòwò kékeré mú àjọ kan ṣoṣo, kí ó dúró tì í fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí ó sì jẹ́ kí àjọ náà fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí owó máa ṣe. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Mọ́kànlá ni èmi ń lé.

Owó tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣeé gba olùkọ́ síṣẹ́. Ẹrù ló ṣeé rà, ìdí tí yàrá yẹn fi kún nìyẹn. Owó tí wọ́n mọ̀ pé ó tún ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n lè fi ṣètò. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀bùn kéékèèké náà ní iṣẹ́ tiwọn: rìsíìtì, lẹ́tà ìdúpẹ́, fọ́tò, ìròyìn ìparí ọdún. Mọ́kànlá yẹn ló ṣe gbogbo èyí fún mi, nítorí owó tín-ń-tín.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn PlayPump, n kò ní fi í gba àsìkò. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni: bí àwọn ọmọ bá ń gun ohun ìṣeré tó ń yí, omi á máa gòkè. Ó wu àwọn olùtọrẹ gan-an. Lọ́dún 2006, wọ́n kéde dọ́là mílíọ̀nù 16.4 fún un ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2009, ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé kí omi náà tó kárí iye èèyàn tí wọ́n ṣèlérí fún, àwọn ọmọ ní láti ṣeré fún wákàtí 27 lóòjọ́. Níbòmíràn, àwọn obìnrin ló ń fi ọwọ́ yí i. Ẹni tó ń pọn omi ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè.

Àwọn kan ń kọ́ oníṣòwò pé kí ó wo iye tí àjọ ń ná lórí owó oṣù àti ọ́fíìsì, kí ó sì mú èyí tí tirẹ̀ kéré jù. Mo ta kò wọ́n, n kò sì ní yé ta kò wọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá ṣọ́ọ̀bù tiwọn ń ṣí láìsan owó iná. Nínú àjọ tó ń kọ́ ọmọ, owó oṣù olùkọ́ ni iṣẹ́ náà gan-an. Lọ́dún 2013, GuideStar, Charity Navigator àti BBB Wise Giving Alliance, tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò àwọn àjọ ní Amẹ́ríkà, jọ kọ lẹ́tà sí àwọn olùtọrẹ pé ìpín owó ọ́fíìsì nìkan kò tó fi mọ àjọ tó dáa.

Ibí ni obìnrin kan ti nawọ́ sókè lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ń sọ ọdún mẹ́ta. Ọjà tèmi lè ṣubú lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n wá já àwọn ọmọ ọlọ́mọ kulẹ̀ ni?”

Mo pa ìwé mi dé, nítorí ìbéèrè yẹn ju kókó márùn-ún tó kù lọ. Láti 1985 ni Patagonia, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Amẹ́ríkà, ti ń yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà tó tà fún ìdáàbòbò àyíká. Lọ́dún 2002, olùdásílẹ̀ rẹ̀ àti oníṣòwò mìíràn dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ 1% for the Planet sílẹ̀, kí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ọjà ni wọ́n ń wò, èrè kọ́. Ṣùgbọ́n bí èrè rẹ bá jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá kan yẹn ti kó ìdá kan nínú márùn-ún èrè rẹ lọ. Ìwọ gan-an ni kí o ṣírò rẹ̀ kí o tó ya ẹnu. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kó owó àánú pamọ́ fún ọdún kan gbáko kí n tó dárúkọ àjọ kankan. Èyí tó wà nílẹ̀ ni mo ń ṣèlérí fún ọdún tó ń bọ̀, mo sì ń kó ti ọdún kejì jọ lọ́wọ́. Bí ọjà bá ṣubú, àjọ náà á ti gbọ́ lọ́dún kan ṣáájú.

Alága ti fi ago hàn mí. Kíákíá: ẹ wo ìforúkọsílẹ̀ àjọ náà àti ìwé ìṣirò owó wọn. Ẹ béèrè iye ẹbí olùdásílẹ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ bẹ mẹ́ta wò, kí àwọn òṣìṣẹ́ yín mú ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sára ọjà pé apá kan owó rẹ̀ ń lọ fún àánú, ẹ kọ iye rẹ̀.

Nígbà tí a parí, obìnrin yẹn wá bá mi pé kí ni òun máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí ó wá ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ẹni tó ń kọ́ ọmọ, kí ó bi í pé: “Kí ló dá iṣẹ́ yín dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá?”