Láti Jacksonville dé Santa Monica: bí àlejò ṣe lè fi ọkọ̀ la Amẹ́ríkà já

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fojú inú wo máàpù Amẹ́ríkà. Ọ̀nà márosẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-10. Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida ló ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí òkun Atlantic, Santa Monica ní California ló sì parí sí, níbi tí òkun Pacific ti ń bì lu iyanrìn. Máìlì 2,460 ni, bíi kìlómítà 3,960. Ìpínlẹ̀ 8 ló gbà kọjá.

Lórí máàpù, gbogbo rẹ̀ ò ju ìka méjì lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń tan àlejò jẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tá a mọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó dé Kánò rí mọ bí ara ṣe ń rí lọ́jọ́ kejì. Ibi tí I-10 gbà kọjá nínú Texas nìkan, máìlì 880 ni, ó gùn ju Èkó sí Kánò lọ dáadáa. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn o. Torí náà, ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó ka owó. Tí ẹ bá ń wakọ̀ fún wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 8 tàbí 9 ni ẹ ó fi wà nídìí síárìn, ẹ ò sì tíì wo ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ dé Santa Monica ní lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ ni wọ́n fún yín níbi iṣẹ́, ẹ wakọ̀ dé Houston ní Texas, kí ẹ wọ bàálù níbẹ̀ padà sílé. Ẹ ó gbádùn ìyẹn ju kí ẹ máa sáré la aṣálẹ̀ kọjá pẹ̀lú oorun lójú.

Ọ̀rọ̀ físà kò dùn ún sọ fún àwa tá à ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Lóṣù Kejìlá 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, àwọn dá físà ìbẹ̀wò dúró fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó ti gba físà ṣáájú, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì tán, wọn ò torí ìyẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ESTA, ìyẹn àṣẹ ìwọlé fún àwọn tí kò nílò físà, lẹ ó gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi dọ́là 40, kò sì gbà yín láyè ju ọjọ́ 90 lọ. Òfin wọ̀nyí ń yí padà lemọ́lemọ́. Ẹ fojú ara yín wo ìkànnì ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà kí ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ejẹ́ǹtì.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ yáni á béèrè láísẹ́ǹsì ìlú yín. Òmíràn á tún béèrè láísẹ́ǹsì àgbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní IDP. Ilé ni ẹ ti máa gbà á, torí wọn kì í fún àlejò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fẹ́ káàdì kírẹ́díìtì tó jẹ́ orúkọ awakọ̀ gan-an ló wà lára rẹ̀, wọ́n á sì de owó kan mọ́ ọn títí ẹ ó fi dá ọkọ̀ padà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 máa ń san lé e. Owó méjì tún wà tí èèyàn kì í retí: èyí tí wọ́n ń gbà nítorí pé Florida lẹ ti gbé ọkọ̀, California lẹ sì fẹ́ dá a padà sí, àti owó ìǹṣọ́ránsì. Ẹ má fi ìǹṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ẹ bá ṣe léṣe ṣeré. Owó ìwòsàn níbẹ̀ lè gba ilé lọ́wọ́ èèyàn.

Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà, bíi ti Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará London ló máa fọkàn sí i. Tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé aláwọ̀ yẹ́lò bá dúró, tó ń tan iná pupa, ẹ dúró, ì báà jẹ́ pé òun ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, àfi tí nǹkan bá pín títì náà sí méjì. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ti ọlọ́pàá. Nílé, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá, ká kí i, ká bẹ̀ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìyẹn léwu gan-an. Tó bá tan iná lẹ́yìn yín, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé síárìn níbi tó ti lè rí i. Tó bá ní kí ẹ mú ìwé wá, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ìwé wà fún un kí ẹ tó na ọwọ́.

Nílé epo, ẹ ó kọ́kọ́ sanwó kí epo tó jáde. Ẹ̀rọ á ní kí ẹ tẹ ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà márùn-ún tó dúró fún àdúgbò tí ẹni tó ni káàdì ń gbé ní Amẹ́ríkà, èyí tí káàdì àlejò kò ní. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé, àyà mi já, mo rò pé owó ti tán nínú àkáǹtì mi. Ẹ wọlé lọ bá ẹni tó wà ní káńtà, ẹ sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tẹ́ ẹ dúró sí àti iye dọ́là tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbéra. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan sí i, kó kọ́kọ́ gòkè lọ sí Oyotunji, ní Sheldon, South Carolina, abúlé tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1970 kí wọ́n lè máa gbé bíi Yorùbá. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí Jacksonville, kí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, bíi máìlì 400 láti ibẹ̀, títí dé Mobile ní Alabama.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró pẹ́. Láti 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú, síbẹ̀ ní 1860 ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó bíi èèyàn 110 wá láti Ouidah, èbúté kan ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Àwọn tó kó wọn wá dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Oluale Kossola wà lára àwọn tí wọ́n kó wá náà, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè ní Benin òde òní. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, wọ́n fẹ́ padà sílé, kò sí owó ọkọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó: Africatown. Kossola gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1935. Ní 2019, àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òkú ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, Clotilda ni. Ẹ lọ sí Africatown Heritage House, tí wọ́n ṣí ní 2023. Díẹ̀ lára igi ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ dé itẹ́ òkú tí wọ́n sin Kossola sí. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ fi Yorùbá kí i.

New Orleans kò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ sí Mobile. Tí ẹ bá ti kọjá Baton Rouge, ẹ ó gun afárá Atchafalaya, máìlì 18, irà lọ́tùn-ún, irà lósì. Houston kún fún èèyàn wa: ẹ fọṣọ níbẹ̀, ẹ wá àmàlà jẹ, ẹ sinmi fún ọjọ́ méjì, torí ohun tó kù le.

Láti San Antonio dé El Paso, máìlì 550 ni. Ẹ sùn sí Fort Stockton. Tí epo bá ti dé ìdajì, ẹ rà. Fóònù á kọ̀ láwọn ibì kan, nítorí náà ẹ ti fa máàpù sórí rẹ̀ ṣáájú. Ẹ gbé omi tó pọ̀ sínú ọkọ̀. Lẹ́bàá ààlà Mexico, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè máa ń dá ọkọ̀ dúró. Páásípọ́ọ̀tù gan-an ni kó wà nítòsí, fọ́tò rẹ̀ kò tó. Oṣù Kẹrin ló dára jù lójú tèmi: ìjì òkun kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní etíkun Louisiana, ooru Phoenix ní Arizona kò sì tíì kọjá 43°C bíi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Láti Phoenix, ẹ lè yà sí Grand Canyon, ọgbà ìjọba tó ní àfonífojì ńlá, ṣùgbọ́n láti 2026, àlejò láti òkèèrè tó bá ti pé ọdún 16 ń san dọ́là 100 lé owó àbáwọlé níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, ẹ wo káàdì ọlọ́dún kan ti dọ́là 250.

Ní Santa Monica, ẹ lọ bọ ẹsẹ̀ sínú omi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rọ epo kún ọkọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yíká, inú àti òde, kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́.