Gbà á gbọ́, gbàgbé rẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì àti atọ́kùn tó pọ̀n

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní “Mo gbà á gbọ́”, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí tó fi la ọ̀rọ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n kó gbàgbé àpò rẹ̀ sílé, kó wá ní “Mo gbà á gbé”, gbogbo wa la máa wò ó lójú. “Mo gbàgbé rẹ̀” ló yẹ kó sọ. Gbàgbọ́ rèé, gbàgbé rèé, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ṣeé là, èkejì ò gbà. Àwọn onígírámà wa ń pe èyí tó ṣeé là ní ọ̀rọ̀-ìṣe elélà. Bàjẹ́ wà lára wọn: ó ba ọbẹ̀ jẹ́, ó bà á jẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní elélà tirẹ̀. Ohun tí mo bá wá nìyẹn, ìyókù àlàyé ni.

Ẹ wo “look up” àti “look after”. Bí ẹ bá fẹ́ wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀, ẹ ó ní “look it up”; “look up it” kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ọmọ, ẹ ó ní “look after him”. “Look him after” kò sí. Ti àkọ́kọ́, gbà á gbọ́ ni. Ti èkejì, gbàgbé rẹ̀ ni. Ìdí ni pé “up” níbí kì í ṣe atọ́kùn (preposition) rárá, iṣẹ́ àpọ́nlé (adverb) ló ń ṣe fún “look”. “After” ni atọ́kùn tòótọ́: ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló dì mú, kò sì ní jẹ́ kó sá síwájú.

Bí ẹ ò bá mọ èwo ni èwo, ẹ fetí sí ohùn. Nínú “turn it off”, “off” ni òyìnbó máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú “look at it”, “look” ló ń tẹ̀, “at” á kàn sáré kọjá. Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ kan há wọn láàárín: “She looked carefully at it” gún, “She looked carefully up the word” kò gún, nítorí “look” àti “up” ò fàyè sílẹ̀ fún àlejò.

Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé àwa ò lè sọ “ó bàjẹ́ ọbẹ̀”. Àárín ni ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n lè sọ “turn off the light” tàbí “turn the light off”, méjèèjì dáa. Arọ́pò-orúkọ bí “it”, “him” àti “them” nìkan ni wọ́n fi dandan há sáàárín. Àwọn tó ń ta ìwé ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí, tí wọ́n ní ká há gbogbo rẹ̀ sórí, wọn kì í sọ èyí fún wa. Kì í sì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú: ní 1755, Samuel Johnson kọ ọ́ síwájú ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pé ibí gan-an ló ń le jù fún àjèjì.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn tó ń ní “off the light” díẹ̀. Pa iná, pa á: ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní “off it” ti sọ “off” di ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ibi tí “it” máa jókòó. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ọgbọ́n àdúgbò ni. Nínú ìdánwò àti lẹ́tà iṣẹ́, “turn it off” ni kẹ́ ẹ kọ.

“Discuss about” ńkọ́? Ọ̀rọ̀-orúkọ ló yá ọ̀rọ̀-ìṣe ní ẹ̀wù. “A discussion about the matter” dáa, “we discussed the matter” sì dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni “my request for leave” àti “I requested leave”. “Emphasis on”, ṣùgbọ́n “emphasise it”. “Lack of water”, ṣùgbọ́n “they lack water”. Èdè wa náà ń tì wá: lórí ọ̀rọ̀ la ti ń jíròrò. Kẹ́ ẹ tó kọ irú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, ẹ wò ó bóyá “a” tàbí “my” ṣeé fi síwájú rẹ̀. Bó bá ṣeé fi síwájú, ẹ jẹ́ kí atọ́kùn wà. Bí kò bá ṣeé fi, ẹ yọ ọ́. Ní òdìkejì, a máa ń jẹ atọ́kùn mì: “reply my mail” fẹ́ “to”, “dispose the waste” fẹ́ “of”. “Cope up with” kò sí: ó jọ àdàlù “cope with” àti “keep up with”.

Ibí ni nọ́ọ̀sì kan tó ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba ti nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, aláìsàn ò ní dúró kí n máa wá ibi tí ‘it’ wà. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ńkọ́?”

Ìbéèrè rẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sí wọ́ọ̀dù.

“I passed out in the kitchen”: kì í ṣe Passing Out Parade ti NYSC o, ó dákú ni. “I came round”: ó jí padà. “Throw up”: ó bì. “Bring up” lè jẹ́ èébì, ó lè jẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ bi í pé kí ló gbé jáde. “It's wearing off”: agbára oògùn ti ń tán lára. “I came off the tablets”: kò lò wọ́n mọ́, kò já bọ́ láti ibì kankan. Nínú fáìlì, “vomited” àti “lost consciousness” ni kẹ́ ẹ kọ.

“It” tí ẹ ní kò wúlò yẹn ńkọ́? Aláìsàn tó ní “I can't keep it down”, ohun tó bá jẹ ló ń bì. Èyí tó ní “I'll get over it”, ara rẹ̀ á yá. Èyí tó ní “I just want to get it over with” ń sọ pé kẹ́ ẹ tètè gún abẹ́rẹ́ yẹn kó parí. “Get” àti “over” kan náà ni. Ibi tí “it” jókòó sí, pẹ̀lú “with” tó tẹ̀ lé e, ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Alága ti ń na aago sí mi. Kíá: “look forward to seeing you”, kì í ṣe “to see”. “To” yẹn kì í ṣe “láti”, atọ́kùn ni. Ẹ fi “it” dán an wò, “look forward to it”, ó gún. Ti àwọn tó ní kò yẹ kí gbólóhùn parí sórí atọ́kùn: láti 1672 tí akéwì John Dryden ti fi bú Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré, ni wọ́n ti ń yọ wá lẹ́nu. Kí wọ́n lọ bi ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pé “For what are you looking?”, kí wọ́n wo ojú tí onítọ̀hún máa fi wò wọ́n.