Kí Ni Iṣẹ́ Ṣẹ́lò Nínú Orin Mozart Yìí?

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú orin yìí, ìyẹn ohùn ṣẹ́lò, ohun èlò olókùn tó dà bí fáyólíìnì ńlá, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ kì í kà sí. Orin náà ni Divertimento tí Wolfgang Amadeus Mozart kọ fún dùùrù, fáyólíìnì àti ṣẹ́lò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1776 ní ìlú Salzburg, nígbà tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, tó sì ń ṣiṣẹ́ orin lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó ń ṣàkóso ìlú náà. Nọ́ńbà tí a fi mọ̀ ọ́n nínú àkójọ àwọn orin Mozart tí Köchel ṣe ni K. 254. Èdè Ítálì ni orúkọ náà, Divertimento, ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìnàjú lọ.

Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ìwé orin tó wà lójú fídíò yìí, ẹ ó rí i pé níbi púpọ̀, ohun tí ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ dùùrù ń tẹ̀ gan-an ni ṣẹ́lò náà ń sọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ṣẹ́lò kò níṣẹ́ níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, irú dùùrù tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà ni kò sì jẹ́ kí n gbà. Igi ni wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀, kò ní férémù irin tí dùùrù òde òní ní, okùn rẹ̀ sì tín-ín-rín, tó fi jẹ́ pé bí a bá tẹ ohùn ìsàlẹ̀, yóò dún gbangba, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi parẹ́. Ọ̀pá onírun ẹṣin ni a fi ń fa okùn ṣẹ́lò ní tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá náà bá sì ṣì ń rìn, ohùn kò ní kú. Dùùrù ló ń dá ohùn ìsàlẹ̀ náà, ṣẹ́lò ló ń gbè é kí ó má baà já.

Ìpín mẹ́ta ni orin náà ní. Èkíní yára, ó sì kún fún ayọ̀. Ẹ̀kẹta ń lọ bí ijó minuet, orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì ń padà wá léraléra. Èkejì, Adagio (ìyẹn ìpín tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́), tó wà ní kíì E-flat, ni ọkàn mi fà sí jù, nítorí níbẹ̀ ni fáyólíìnì àti dùùrù ti ń gba orin lẹ́nu ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kánjú. Irú orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn dùùrù àtijọ́ ti máa ń tètè kú kí èyí tó tẹ̀ lé e tó dé.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1786, Mozart tún kọ irú orin ẹlẹ́ni mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ní Vienna, K. 496 àti K. 502, ó sì jẹ́ kí ṣẹ́lò máa dá orin tirẹ̀ kọ láwọn ibì kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Adagio wa. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ dùùrù àtijọ́ àti fáyólíìnì nìkan. Lẹ́yìn náà, ṣẹ́lò yóò wọlé.